Ìṣirò Sákíìtì: Oríta, Àyípo àti Ohun tí Àmì Ìyọkúrò Ń Sọ

Ọ̀rọ̀ náà "iná" ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú èdè Yorùbá. Bí gílóòbù bá ń ṣe bàìbàì, a ní iná kò tó. Bí wáyà tí ó bó bá gbọn ènìyàn, a ní iná gbé e. Bí owó ìparí oṣù bá ga, a ní iná tí ilé náà lò ti pọ̀ jù. Nínú ilé àti ní ìgboro, èyí kì í ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wáyé ti jẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí wọ inú ìṣirò sákíìtì yóò fẹsẹ̀ kọ ní ẹnu ọ̀nà. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbólóhùn mẹ́ta yẹn ń sọ, òṣùwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ń sọ nípa ipá, ìyẹn ìtaari tí ó wà láàrin ojú ibi méjì nínú sákíìtì. Fóòtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ń sọ nípa ìṣàn, ìyẹn bí iná tí ó ń gba inú wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Áńpíà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta ń sọ nípa agbára àti iye wákàtí tí a fi lò ó. Wáàtì ni òṣùwọ̀n agbára. Bí a bá fi ìdènà kún wọn, èyí tí a ń fi óòmù wọ̀n, irinṣẹ́ ti pé nìyẹn.

Ẹni tí ó ní táńkì omi lórí àgéré lẹ́yìn ilé lè fi ojú inú rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn. Bí táńkì ṣe ga tó sí ẹnu ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ ni ipá. Bí omi ṣe ń tú jáde tó ni ìṣàn. Páìpù tóóró tí omi ń fún ara rẹ̀ gbà ni ìdènà. Táńkì lè kún dẹ́múdẹ́mú lókè kí ẹ̀kán omi kan má jáde, bí a bá ti ti ẹnu ẹ̀rọ pa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bátìrì tí a kò so mọ́ ohunkóhun: ipá wà níbẹ̀, ìṣàn kò sí. Ó yẹ kí a mọ ibi tí àfiwé yìí parí sí, nítorí pé bí a bá gé páìpù, omi yóò dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gé wáyà, ìṣàn dúró ni. Iná kì í ṣàn àfi bí ọ̀nà tí yóò gbà padà sí ibi tí ó ti wá bá wà. Ìdí nìyẹn tí sákíìtì fi jẹ́ ọ̀nà àyípo.

Georg Simon Ohm, ará Jámánì tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú Cologne, ni ó so ipá, ìṣàn àti ìdènà pọ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1827. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú rẹ̀ kò kọ́kọ́ ka ìwé náà sí. Ọdún 1841 ni ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ohun tí ó rí kò gùn: ipá tí ó wà láàrin ẹnu méjèèjì adènà dọ́gba pẹ̀lú ìṣàn inú rẹ̀ tí a bá sọ di púpọ̀ nípa ìdènà rẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ fi lẹ́tà V dúró fún ipá, I fún ìṣàn, R fún ìdènà, wọ́n sì kọ ọ́ báyìí: V = I × R.

Kíkúrú rẹ̀ yìí gan-an ni ó ń kó bá akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá wo ìwé ìdánwò àwọn tí kò yege nínú ẹ̀kọ́ yìí, ṣàṣà ni ẹni tí kò mọ pínpín tàbí ìsọdipúpọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n rí iye fóòtì kan nínú ìbéèrè, wọ́n rí iye óòmù kan, wọ́n sì pín ọ̀kan nípa èkejì láì béèrè bóyá àwọn méjèèjì mọra. Àpẹẹrẹ kan nìyí. Bátìrì 12 fóòtì kan wà. Wáyà jáde láti ojú ìròpọ̀ rẹ̀, ó gba inú adènà 2 óòmù kọjá, ó sì dé oríta kan tí ó ti yà sí méjì. Adènà 3 óòmù wà lórí ẹ̀ka kan, adènà 6 óòmù wà lórí èkejì. Àwọn ẹ̀ka méjèèjì tún pàdé ní oríta kejì, wáyà kan sì gba ibẹ̀ padà sí ojú ìyọkúrò bátìrì. Áńpíà mélòó ni ó ń gba inú adènà 3 óòmù kọjá?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kánjú yóò pín 12 nípa 3, yóò sì kọ 4 áńpíà. Kò tọ̀nà. Ipá 12 fóòtì jẹ́ ti bátìrì, láti ojú kan dé èkejì. Kì í ṣe ti adènà 3 óòmù. Adènà 2 óòmù tí ó wà lójú ọ̀nà ti gba tirẹ̀ nínú 12 náà kí ó tó kan àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Òfin Ohm kì í gba ipá ẹlòmíràn: ipá tí ó wà láàrin ẹnu méjèèjì adènà kan nìkan ni ó bá ìdènà adènà yẹn mu.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ sọ adènà méjì tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di ọ̀kan. A sọ wọ́n di púpọ̀ nípa ara wọn, èyí jẹ́ 18. A ro wọ́n pọ̀, èyí jẹ́ 9. 18 tí a bá pín nípa 9 jẹ́ 2 óòmù. (Ìdènà àpapọ̀ àwọn adènà tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ kéré sí èyí tí ó kéré jù nínú wọn, nítorí pé ọ̀nà tí ó pọ̀ sí i kì í fún ìrìn mọ́. Ẹni tí ó bá rí iye tí ó ju 3 lọ níhìn-ín ti mọ̀ pé òun ti ṣìṣe.) Adènà 2 óòmù tí ó ṣáájú àti 2 óòmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà a ro wọ́n pọ̀: 4 óòmù. Wàyí o, 12 fóòtì jẹ́ ti gbogbo 4 óòmù yìí ní tòótọ́, ìṣàn tí ó ń jáde láti inú bátìrì sì jẹ́ 3 áńpíà. Adènà àkọ́kọ́ gba 3 × 2, ìyẹn 6 fóòtì. Ó ku 6 fóòtì fún àwọn tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Adènà 3 óòmù gba 2 áńpíà, adènà 6 óòmù gba 1 áńpíà. 2 àti 1 jẹ́ 3, iye tí ó wọ oríta.

Bí bátìrì bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀nà ìsọdọ̀kan yìí sábà máa ń tó. Nígbà tí bátìrì bá di méjì lórí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní ibi tí yóò ti mú wọn mọ́, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè sọ bátìrì àti adènà di adènà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ṣí ọ̀nà fún irú ìṣòro yìí ni Gustav Kirchhoff. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó jẹ́ ní ìlú Königsberg, ẹni ọdún 21, nígbà tí ó gbé òfin méjì jáde ní ọdún 1845. Títí di òní, òfin méjèèjì ni wọ́n ń lò nínú kíláàsì àti nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe ìṣirò sákíìtì ńláńlá.

Òfin kìíní jẹ́ ti oríta: gbogbo ìṣàn tí ó bá wọ oríta dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ìṣàn tí ó jáde níbẹ̀. Iná kì í sinmi ní oríta, kì í sì í sọnù síbẹ̀. Òfin kejì jẹ́ ti àyípo: bí a bá gbéra láti ojú ibi kan nínú sákíìtì, tí a ń ṣe àkọsílẹ̀ ipá tí a gùn àti èyí tí a sọ̀, nígbà tí a bá fi padà dé ibi tí a ti gbéra, àròpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ẹni tí ó bá gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta lè gba àtẹ̀gùn, ó sì lè gba ojú àpáta. Nígbà tí ó bá tún padà sí ìsàlẹ̀ níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, iye tí ó gùn àti iye tí ó sọ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Àyípo inú sákíìtì kò yàtọ̀ sí èyí.

Kí a tó lè kọ òfin oríta sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ ìṣàn tí ó ń wọlé àti èyí tí ó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró sí. Wọn a máa wo àwòrán sákíìtì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń gbìyànjú láti mọ ibi tí ìṣàn kọjú sí kí wọ́n tó fa ọfà kan. Kò pọn dandan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ọfà sí ibi tí ó bá wù ú lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ó fún un ní orúkọ, kí ó má sì yí i padà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí ọfà náà bá kọjú sí ibi tí ìṣàn ń lọ ní tòótọ́, ìdáhùn yóò jáde láìní àmì ìyọkúrò. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí i, iye tí yóò jáde kò ní yàtọ̀ rárá, àmì ìyọkúrò nìkan ni yóò wà níwájú rẹ̀. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí ènìyàn yí ọfà padà láàrin ọ̀nà, tí ìlà ìdọ́gba kan bá ti ẹ̀yìn, tí èkejì sì bá ti iwájú.

Ìtàn ẹ̀kọ́ mànàmáná fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà, sọ ìhà kan iná ní ìròpọ̀, tí ó sì sọ ìhà kejì ní ìyọkúrò. Orí ìyàn yẹn ni a dúró lé títí di òní tí a fi ń sọ pé ìṣàn ń ti ojú ìròpọ̀ jáde lọ sí ojú ìyọkúrò. Ní ọdún 1897, J. J. Thomson ṣàwárí ẹ́lẹ́kítíróònù ní Cambridge, ó sì hàn pé ìhà ìyọkúrò ni ó wà. Àwọn gan-an ni wọ́n ń rìn nínú wáyà, ìrìn wọn sì kọ ẹ̀yìn sí ọfà tí gbogbo ayé ti ń fà. Kò sí ìṣirò kan tí ó bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ọfà tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò lé lórí tó fún iṣẹ́.

Ìṣòro kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Nàìjíríà lónìí yóò fi ìwúlò àmì náà hàn. Onílé kan tí ń lo iná oòrùn rí i pé bátìrì rẹ̀ ti ń rẹ̀. Kò sọ ọ́ nù. Ó ra tuntun kan, ó sì so ó mọ́ ti àtijọ́, ojú ìròpọ̀ mọ́ ojú ìròpọ̀, ojú ìyọkúrò mọ́ ojú ìyọkúrò, pẹ̀lú èrò pé àgbà méjì ni yóò máa gbé ẹrù. Kí a sọ pé ipá bátìrì tuntun jẹ́ 12.6 fóòtì, ìdènà inú rẹ̀ sì jẹ́ 0.1 óòmù. Ipá ti àtijọ́ jẹ́ 11.4 fóòtì, ìdènà inú rẹ̀ sì jẹ́ 0.2 óòmù, nítorí pé ìdènà inú bátìrì a máa pọ̀ sí i bí ó ti ń gbó. Ohun tí wọ́n jọ ń tan jẹ́ iná kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 4 óòmù. Nínú àwòrán, a ó ya ìdènà inú bátìrì kọ̀ọ̀kan bí adènà kékeré tí ó tẹ̀lé bátìrì rẹ̀.

Oríta méjì péré ni ó wà: ti òkè, níbi tí àwọn ojú ìròpọ̀ àti iná ti pàdé, àti ti ìsàlẹ̀. A yan ti ìsàlẹ̀ ní ilẹ̀, a sì pe ipá rẹ̀ ní òdo, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wọn gíga ilé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ipá oríta òkè ni a kò mọ̀. A pè é ní V. Ó ku ọfà. A fa ọ̀kan láti inú bátìrì tuntun wá sí oríta òkè, a fa èkejì láti inú bátìrì àtijọ́ wá síbẹ̀, a sì fa ẹ̀kẹta láti oríta òkè gba inú iná lọ sí ilẹ̀. Èrò onílé náà ni ọfà wọ̀nyí ń ṣojú fún: bátìrì méjèèjì ń fún iná ní oúnjẹ.

Òfin Ohm fún wa ní ìṣàn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ti bátìrì tuntun jẹ́ (12.6 − V) tí a pín nípa 0.1. Ti àtijọ́ jẹ́ (11.4 − V) tí a pín nípa 0.2. Ti iná jẹ́ V tí a pín nípa 4. Òfin oríta ní kí àwọn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kẹta tí ó jáde. Pínpín nípa 0.1 kò yàtọ̀ sí ìsọdipúpọ̀ nípa 10, pínpín nípa 0.2 kò sì yàtọ̀ sí ìsọdipúpọ̀ nípa 5. Nítorí náà:

126 − 10V + 57 − 5V = 0.25V

183 = 15.25V

V = 12 fóòtì

Ìṣàn bátìrì tuntun jẹ́ 0.6 tí a pín nípa 0.1, ìyẹn 6 áńpíà. Ìṣàn iná jẹ́ 12 tí a pín nípa 4, ìyẹn 3 áńpíà. Ìṣàn bátìrì àtijọ́ jẹ́ (11.4 − 12) tí a pín nípa 0.2, ìyẹn −3 áńpíà.

Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ tí àmì ìyọkúrò ń bà lẹ́rù máa ń pa á rẹ́, tí yóò sì kọ 3 áńpíà sílẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, 6 àti 3 yóò wọ oríta, 3 nìkan ni yóò sì jáde. Òfin Kirchhoff ti dàrú. Ìdáhùn náà pé bí ó ṣe wà. Ohun tí àmì ìyọkúrò ń sọ ni pé ọfà tí a fà láti inú bátìrì àtijọ́ kọ ẹ̀yìn sí òtítọ́: kò fún iná ní ohunkóhun, ṣe ni ó ń gba 3 áńpíà. Nínú 6 áńpíà tí bátìrì tuntun ń tú jáde, ìdajì ni ó ń dé inú iná.

Òfin àyípo lè yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ilẹ̀, a gba inú bátìrì tuntun gun 12.6 fóòtì, ìdènà inú rẹ̀ gba 6 × 0.1, ìyẹn 0.6, a dé oríta òkè ní 12. Láti ibẹ̀ a wọ inú bátìrì àtijọ́. Ìdènà inú rẹ̀ gba 3 × 0.2, ìyẹn 0.6; ó ku 11.4, èyí tí a ó sọ̀ nínú bátìrì náà kí a tó padà dé ilẹ̀. Òdo ni ó kù.

Àkọsílẹ̀ agbára tún jẹ́ ẹlẹ́rìí mìíràn, ó sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi í sílẹ̀, nítorí pé ó sábà máa ń mú àṣìṣe tí òfin oríta kò rí. Agbára ni ipá tí a sọ di púpọ̀ nípa ìṣàn. Bátìrì tuntun ń pèsè 12.6 × 6, ìyẹn 75.6 wáàtì. Iná gba 12 × 3, ìyẹn 36. Bátìrì àtijọ́ gba 11.4 × 3, ìyẹn 34.2, gẹ́gẹ́ bí ṣáàjì. Ìdènà inú bátìrì tuntun sọ 3.6 wáàtì di ooru, ti àtijọ́ sọ 1.8 di ooru. Àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 75.6, kò lé, kò dín.

Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní onílé náà gbé bátìrì àtijọ́ kúrò? Sákíìtì di ti bátìrì kan: 12.6 tí a pín nípa 4.1, ìyẹn nǹkan bí 3.07 áńpíà, ipá orí iná sì di nǹkan bí 12.29 fóòtì. Ó ju 12 tí àwọn méjèèjì jọ ń pèsè lọ. Olùrànlọ́wọ́ náà ni ó ń fa iná sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì tuntun, tí 3.07 áńpíà ì bá jẹ́ gbogbo ẹrù rẹ̀, ń tú 6 jáde, yóò sì tètè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ti àtijọ́ jẹ́ ẹrù. Ìṣirò kan náà lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Bátìrì àtijọ́ kò ní fún ẹnikẹ́ni, kò sì ní gbà, nígbà tí V bá dọ́gba pẹ̀lú 11.4 tirẹ̀. Ní àkókò yẹn, bátìrì tuntun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, ìṣàn rẹ̀ sì jẹ́ 1.2 tí a pín nípa 0.1, ìyẹn 12 áńpíà. Bí ohun tí a so mọ́ wọn bá ń fa ju 12 áńpíà lọ, V yóò lọ sílẹ̀ ju 11.4, àmì ìyọkúrò yóò sì kúrò: ti àtijọ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Bí ó bá ń fa kéré sí 12, ti àtijọ́ yóò máa gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìdènà 0.5 óòmù rọ́pò 4 óòmù kí ó sì tún un ṣe. Yóò rí V tí ó jẹ́ nǹkan bí 10.76 fóòtì, àti ìṣàn bátìrì àtijọ́ tí ó lé díẹ̀ ní 3 áńpíà, láìní àmì ìyọkúrò.

Ó ku alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, tí wọ́n sì ti pa iná. Apá ọ̀tún ìlà ìdọ́gba àkọ́kọ́ di òdo, nítorí pé ohunkóhun kò gba inú iná kọjá mọ́. 183 dọ́gba pẹ̀lú 15V, V sì jẹ́ 12.2 fóòtì. Bátìrì tuntun ń tú 4 áńpíà jáde, ti àtijọ́ ń gba 4. Bí ti àtijọ́ ti ń gba ṣáàjì, ipá rẹ̀ yóò máa gòkè, ti tuntun yóò máa sọ̀, ìṣàn náà yóò sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà iye 4 yìí jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ipá méjèèjì kò bá tí ì dọ́gba, ìṣàn yóò máa lọ láti inú bátìrì kan sínú èkejì nínú òkùnkùn, láìsí gílóòbù kan tí ó tàn.